Ẹlẹ́rìí Mẹ́ta Inú Ẹ̀jẹ̀

"Mẹ́ta," ni ẹ̀rọ náà wí pẹ̀lú ohùn ìyá àgbà tí wọ́n fi sí i lẹ́nu. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Bàbá. Àpá inú ẹ̀dọ̀ yín ti dé ipele kẹta. Ó ku kí Akàpá gbọ́wọ́ lé òǹtẹ̀."

Bàbá Olúgbódi kò mọ bí èèyàn ṣe ń fi ayọ̀ pamọ́. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di pátákó, ńṣe ló yẹ kó káwọ́ lérí, tàbí ó kéré tán kó béèrè bóyá ẹ̀rọ náà ṣì í mọ̀. Ṣùgbọ́n bàbá arúgbó yìí na ọwọ́ òsì rẹ̀ síwájú bí ìyàwó tó ń dúró de òrùka, ó ní, "Ó dáa náà. Bá mi pààrọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ náà kí n máa lọ."

Fẹ́híntọlá kò gbọ́wọ́ lé òǹtẹ̀. Ó ti di ọdún mọ́kàndínlógún tó ti ń ṣe Akàpá ní ìlú Alátẹ̀gùn, tó ń ka àpá tó wà nínú ẹ̀dọ̀ àwọn ará ìlú láti inú ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo. Ó ti rí ẹni tó sunkún lórí àga yẹn, ó ti rí ẹni tó bú ìyá ẹ̀rọ, bí ẹni pé ẹ̀rọ ní ìyá. Kò tíì rí ẹni tó yọ̀.

"Ẹ jẹ́ n tún un wò, Bàbá."

"Kí lo fẹ́ tún wò? Olóòótọ́ ti sọ tirẹ̀."

Olóòótọ́ ni gbogbo ìlú ń pe ẹ̀rọ náà. Láti ìgbà tí òkun ti lé àwọn baba ńlá wọn gun orí àpáta yìí, tí àgbàdo àti ẹ̀pà tó bu nínú àká sì ti ba ẹ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ wọn jẹ́, kò sẹ́ni tó ń béèrè ọjọ́ orí lọ́wọ́ ẹnìkejì mọ́. Ọrùn ọwọ́ ni wọ́n ń wò. Ìlẹ̀kẹ̀ funfun, ẹ̀dọ̀ rẹ mọ́. Ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ ìyeyè, ṣọ́ ẹnu rẹ. Ìlẹ̀kẹ̀ pupa, di ẹrù rẹ kí o gòkè lọ sí Ilé Ìtura. Àwọn ìyá ìyàwó tiẹ̀ máa ń wo ìlẹ̀kẹ̀ àna wọn kí wọ́n tó wo ojú rẹ̀.

Ti Bàbá Olúgbódi funfun. Ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ló fi wà láyé, kò sí ọdún kan tí ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ yí àwọ̀. Ìka kẹfà tí wọ́n bí mọ́ ọn lọ́wọ́ òsì ló máa ń fún ẹ̀rọ gún. Ó ní márùn-ún tó kù wà fún iṣẹ́ káfíńtà, èyí ni Ọlọ́run dá mọ́ òun fún ìjọba.

Fẹ́híntọlá dìde, ó lọ sẹ́yìn ẹ̀rọ, níbi tí ojú aláìsàn kì í dé. Ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ẹlẹ́rìí ni àwọn Akàpá ń pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èkíní ni Ilá, nítorí pé ó ń yọ̀; ẹ̀dọ̀ tó dá ṣáṣá a máa gbá a kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ bí ẹni gbálẹ̀, èyí tó ti le kò lágbára láti gbálẹ̀ mọ́. Èkejì ni Òwú, okùn tí ara fi ń rán ọgbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni Adènà, tí kì í jẹ́ kí ara gé òwú tó bá ti pọ̀ jù. Òfin kò bìkítà nípa ohun tí ẹlẹ́rìí kọ̀ọ̀kan ń sọ. Ó ń ro wọ́n pọ̀ ni, àròpọ̀ náà ló sì ń sọ ìlẹ̀kẹ̀ di pupa.

Láàárọ̀ yìí, Ilá kún dé ẹnu ìgò. Òwú kọjá ìdajì. Adènà, tí àpá ẹ̀dọ̀ máa ń gbé ga bíi ti àwọn yòókù, wà nísàlẹ̀ pátápátá, ó jókòó jẹ́ẹ́ bí àlejò tí kò mọ ẹnì kankan nílé. Fẹ́híntọlá wo Adènà, ó wo Bàbá, ó sì fa imú.

"Bàbá, kí lẹ jẹ láàárọ̀ yìí?"

"Èmi? Omi lásán. Ṣebí òfin ni pé kéèyàn má fẹnu kan nǹkan kó tó wá."

"Ẹyin wà nínú irùngbọ̀n yín."

Bàbá nù ún kíá. "Ti àná ni."

"Ẹyin àná ló ṣì ń ta sánsán báyìí? Mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́mìí méje sì ni."

"Ẹlẹ́mìí mẹ́rin ni," ni Bàbá wí, kó tó mọ̀ pé òun ti jẹ́wọ́.

Fẹ́híntọlá padà wá jókòó. Ẹ̀rín ń pa á, ṣùgbọ́n Akàpá kì í rẹ́rìn-ín níwájú òǹtẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti gun àtẹ̀gùn lónìí?"

Bàbá wo àjà. "Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta."

Àtẹ̀gùn ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ló wà láti Ìsàlẹ̀ Ìlú dé òkè. Fẹ́híntọlá tí kò tíì pé ọmọ àádọ́ta ọdún máa ń sinmi lẹ́ẹ̀mejì kó tó gùn ún tán. "Ojúgun yín tẹ́ ẹ fi aṣọ dì ńkọ́?"

"Àkàbà ló gé mi. Ó di ọjọ́ kẹwàá lónìí." Bàbá tún wo àjà. "Mo fẹsẹ̀ lé e níbi tí mo mọ̀ pé yóò ti já."

"Bàbá! Ta ló kọ́ yín?"

"Ìwọ ni."

Ó nawọ́ sí fèrèsé tó wà lẹ́yìn Fẹ́híntọlá. "Nígbà tí mo ń ṣe fèrèsé yẹn lọ́dún méjì sẹ́yìn, ò ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ. O ní oúnjẹ a máa gbé Ilá ga, iṣẹ́ agbára a máa gbé e ga. O ní ọgbẹ́ tó ń jinná a máa gbé Òwú ga. O ní kí wọ́n máa béèrè lọ́wọ́ aláìsàn kí wọ́n tó gba ẹ̀rọ gbọ́. Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni, mo sì gbé e lọ sílé."

"Mo rò pé pátákó lẹ gbájú mọ́."

"Ojú mi ló wà lára pátákó. Etí mi ò níṣẹ́."

Fẹ́híntọlá rọra sọ̀rọ̀, bí ẹni tó ń bá bàbá tó bí i sọ̀rọ̀. "Bí mo bá gbọ́wọ́ lé òǹtẹ̀ yìí, Atúpàá ni wọn yóò máa fún yín mu láràárọ̀. Òògùn yẹn kò mọ ẹ̀dọ̀ yàtọ̀ sí ojúgun. Ibi tó bá ti rí òwú ni yóò ti máa tú u. Tí kò bá rí àpá nínú ẹ̀dọ̀ yín, oríkèé ni yóò lọ bá. Ọwọ́ tẹ́ ẹ fi ń gbẹ́ igi yìí, ó lè má gbẹ́ ṣíbí mọ́."

"Mo ti gbẹ́ igi tó," ni Bàbá wí. Orúkọ ló wá fi pè é. "Fẹ́híntọlá, ọdún kẹta rèé tí Àṣàkẹ́ ti wà lókè. Mi ò jẹ ẹja mọ́. Ṣé o mọ̀ pé òun ló máa ń bá mi yọ ẹ̀gún? Ọdún mẹ́rìnlélógójì. Mo di arúgbó, mi ò mọ ẹ̀gún ẹja yọ. Lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n á fún wa ní ìdajì wákàtí, dígí á sì wà láàárín. Jímọ̀ tó kọjá, ọ̀rọ̀ orúnkún ló ń sọ ṣáá. Ó ní láti bí ọdún kan ló ti ń wú, òun ò lè kúnlẹ̀ gbàdúrà mọ́. Kéèyàn máa wo orúnkún ìyàwó rẹ̀ kó má lè fi òróró pa á, ìyẹn kì í ṣe ìtura."

Òfin dígí yẹn, àwa ará ìlú la fọwọ́ ara wa fà á. A kì í lọ kí aláìsàn lọ́wọ́ òfo, aláìsàn kì í sì í kọ ohun tí èèyàn rẹ̀ bá gbé wá. Nígbà tí Ilé Ìtura ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, àwọn ìyá a máa gbé ìgò àgbo sábẹ́ ìró wọlé, àwọn bàbá a máa ki ẹ̀pà yíyan sínú fìlà, àwọn wòlíì a máa fi kẹ́ẹ̀gì gbé omi odò wá. Ìfẹ́ pa èèyàn mẹ́tàdínlógún lọ́dún kan. Ni ìlú bá fi dígí dí àárín. Ẹni tí ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ kò bá pupa kò gbọdọ̀ sùn sí òdìkejì, ì báà jẹ́ ọkọ, ì báà jẹ́ ọmọ.

Àánú bàbá náà ṣe Fẹ́híntọlá débi pé ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí itan, ó sì ti dé ìdajì ọ̀nà sí òǹtẹ̀. Kí ló burú nínú kí arúgbó méjì wà pa pọ̀? Ta ni yóò mọ̀?

Ẹ̀rọ náà ló gbà á sílẹ̀. "Ẹ̀jẹ̀ tó kàn ti dé," ló wí. Ọ̀pá kan wà tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Ilé Ìtura sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ tí àyẹ̀wò ọdún wọn bá pé, ẹ̀kán kan sì ti já bọ́ sínú àwo. "Àṣàkẹ́, ìyàwó Olúgbódi. Mẹ́ta."

Bàbá mí kanlẹ̀. "Mo mọ̀."

Fẹ́híntọlá tún lọ sẹ́yìn ẹ̀rọ. Ilá kún dé ẹnu ìgò. Òwú kọjá ìdajì. Adènà jókòó nísàlẹ̀. Ó rò pé ẹ̀jẹ̀ Bàbá ló ṣẹ́ kù sínú ẹ̀rọ. Ó fọ ìgò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ní kí ó tún un kà. Bákan náà ni. Ẹ̀jẹ̀ ẹni tó purọ́ àti ẹ̀jẹ̀ ẹni tí kò purọ́ jọ ara wọn bí ìbejì.

Àṣàkẹ́ kò jẹ mọ́ínmọ́ín. Kò gun àtẹ̀gùn, àkàbà kò sì gé e lójúgun. Kí ló wá gbé Ilá ga? Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ tí Bàbá sọ padà wá bá a: orúnkún. Láti bí ọdún kan. Atúpàá ti tú àpá inú ẹ̀dọ̀ ìyá náà tán, kò rí iṣẹ́ ṣe mọ́ níbẹ̀, ó wá wọ oríkèé lọ. Orúnkún tó wú ń da Ilá sínú ẹ̀jẹ̀. Ara ń gbìyànjú láti rán orúnkún náà, Òwú sì ń pọ̀. Olóòótọ́ ro wọ́n pọ̀, ó ní ẹ̀dọ̀ ni, wọ́n sì tún bu òògùn sí i.

Fẹ́híntọlá ṣí ìwé èṣí ti Àṣàkẹ́. Ilá lókè, Òwú lókè, Adènà nísàlẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ tirẹ̀ ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ó rántí ọjọ́ náà dáadáa. Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni ọdún Ìgòkè, ẹ̀jẹ̀ mọ́kànlélógójì ló wà nílẹ̀, ó sì ti fi irun orí sílẹ̀ ní àbọ̀ lọ́dọ̀ onídìrí. Irun yẹn ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ó gbọ́ "mẹ́ta", ó gbọ́wọ́ lé e. Kò wo ìgò, kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

"Ṣé kò sí?" ni Bàbá béèrè láti orí àga. "Ojú rẹ yí padà."

"Kò sí, Bàbá."

Òfin ìlú ṣe kedere lórí èyí: ẹni tí Akàpá bá ṣì kà, ẹni náà ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ dá ìyà fún un, ohunkóhun tó bá wù ú tí kì í ṣe ẹ̀mí. Akàpá tó wà ṣáájú Fẹ́híntọlá ṣi ẹnì kan kà. Ẹni náà ní kó má fọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀ mọ́ títí ayé. Ó ń sin ẹyẹlé báyìí. Fẹ́híntọlá kò fẹ́ràn ẹyẹlé. Iṣẹ́ yìí ló fẹ́ràn, òórùn yàrá yìí, àga yìí, àwọn arúgbó tó ń bú ìyá ẹ̀rọ.

Ó mú akànkùn lórí pẹpẹ, ohun èlò kékeré kan tó ń kan ìhà èèyàn bí ẹni kan ilẹ̀kùn, tó sì ń gbọ́ bí ẹ̀dọ̀ ṣe dáhùn. "Ẹ dìde, Bàbá. Ẹ jẹ́ ká gòkè lọ."

"Ìlẹ̀kẹ̀ mi ńkọ́?"

"Funfun ni yóò wà. Ẹ̀jẹ̀ mọ́ínmọ́ín lẹ fún mi, mo ti dà á nù."

Bàbá kùn, ṣùgbọ́n ó tẹ̀ lé e. Yàrá àyẹ̀wò wà ní ìdajì òkè, nítorí náà ó ku bí àádọ́talélọ́ọ̀ọ́dúnrún àtẹ̀gùn. Àwọn ẹ̀rọ arẹrù ń fi ẹsẹ̀ mẹ́fà mẹ́fà wọn kọjá lára wọn pẹ̀lú iṣu àti agbè omi. Òfin kò gbà kí wọ́n gbé èèyàn, láti ọjọ́ tí ọ̀kan ti gbé olórí ìlú ṣubú lójú àwọn àna rẹ̀. Bàbá ń fọwọ́ ra igi tí èèyàn ń dì mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn bó ti ń lọ. Òun ló gbẹ́ gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé Ilé Ìtura, Fẹ́híntọlá fọ ọwọ́ àti ẹnu rẹ̀, ó wọlé. Bàbá dúró sẹ́yìn dígí. Àṣàkẹ́ jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ìyá kékeré kan báyìí tí ojú rẹ̀ mọ́ ṣáká. Ó fi gèlè di orúnkún méjèèjì.

"Akàpá fúnra rẹ̀! Ṣé kò sí o?" Ó rí ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn dígí. "Òní kì í ṣe Jímọ̀. Ta ló kú?"

"Ẹnì kankan ò kú, Mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dùbúlẹ̀ fún mi."

Ó gbé akànkùn lé ìhà ọ̀tún ìyá náà, ó sì fi orí kejì rẹ̀ sí etí ara rẹ̀. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, bí ẹni kan pátákó ni ẹ̀dọ̀ yìí ṣe dáhùn: kó, kó, kó. Fẹ́híntọlá di èémí mú. Ó kàn án.

Bù.

Ó sún un sísàlẹ̀. Bù. Ibi márùn-ún ló kàn, gbogbo rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ.

"Ẹ̀dọ̀ yín ti rọ̀, Mà. Ẹ máa lọ sílé lónìí."

Àṣàkẹ́ pariwo, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè. Lẹ́yìn dígí, Bàbá tí kò gbọ́ ohunkóhun fi etí lẹ dígí, ó ń pariwo tirẹ̀: "Kí ló sọ? Kí ló sọ?"

Ibẹ̀ ni Fẹ́híntọlá ì bá ti dákẹ́. Ìyá ń yọ̀, ọkọ rẹ̀ yóò yọ̀, ìlú yóò sì ní Akàpá káre. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó kù há a lọ́fun bí ẹ̀gún ẹja, kò sì sẹ́ni tí yóò bá a yọ ọ́. Ó kúnlẹ̀.

"Ó ti rọ̀ láti èṣí, Mà. Orúnkún yín ni ẹ̀rọ ń kà. Èmi ni mi ò wò ó, èmi ni mi ò béèrè. Mo gbọ́wọ́ lé e."

Àṣàkẹ́ sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Jímọ̀ méjìléláàádọ́ta," ló wí. Inú bí i, ó hàn lójú rẹ̀, omi sì lé rokoṣo lójú kan náà. Kò wo Fẹ́híntọlá. Ọkọ rẹ̀ ló ń wò lẹ́yìn dígí, láti orí dé ẹsẹ̀. "Kí ló ṣe ojúgun ọkọ mi?"

Fẹ́híntọlá sọ gbogbo rẹ̀ láti ibi ìkúnlẹ̀: mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́mìí mẹ́rin, àtẹ̀gùn lẹ́ẹ̀mẹta, àkàbà. Nígbà tó dé orí ẹyin inú irùngbọ̀n, èjìká ìyá náà bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Fẹ́híntọlá rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni.

"Ẹni tí kò lè yọ ẹ̀gún ẹja," ni Àṣàkẹ́ wí, ó ń nu ojú, "òun ló wá fẹ́ yọ èmi." Ó rẹ́rìn-ín títí, ó wá yíjú sí Fẹ́híntọlá. "O mọ̀ pé mo lè ní kí o lọ máa sin ẹyẹlé."

"Mo mọ̀, Mà."

"Ta ló rán ọ kí o sọ ọ́?"

"Ẹnì kankan kọ́, Mà."

Ìyá náà tú gèlè orúnkún rẹ̀, ó rọra tún un dì. "Ẹyẹlé ti pọ̀ jù ní ìlú yìí. Gbọ́ ìyà tìrẹ. O gba orúnkún mi fún ọdún kan. Wàá yá mi ní tìrẹ fún ọdún kan. Ibi tó bá wù mí láti lọ lórí àtẹ̀gùn yìí, ì báà jẹ́ òkè, ì báà jẹ́ ìsàlẹ̀, èjìká rẹ ni n ó máa fọwọ́ lé." Ó na ọwọ́ kí wọ́n fà á dìde. "Mo sì fẹ́ràn ìrìn gan-an."

Wọ́n gé ìlẹ̀kẹ̀ pupa lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, Bàbá Olúgbódi sún síwájú. Ó dúró, ọwọ́ rẹ̀ ń wá ibi tí yóò gbé e sí lára ìyàwó rẹ̀, nítorí dígí ti mọ́ ọn lára. Àṣàkẹ́ sún mọ́ ọn, ó gbọ́ òórùn irùngbọ̀n rẹ̀.

"Ọkọ mi, mọ́ínmọ́ín yìí jóná."

"Ó jóná díẹ̀," ni Bàbá wí, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. Ó já ẹrù gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e lérí. "Mò ń lọ ra ẹja." Kó tó di pé ẹnikẹ́ni dá a lóhùn, ó ti ń sáré sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ojúgun tí ó fi aṣọ dì.

"Ẹ rọra o! Ẹ má lọ ra eléegun!" ni Àṣàkẹ́ pè tẹ̀ lé e. Ó wá ronú díẹ̀. "Ó dáa, ẹ ra eléegun!"

Fẹ́híntọlá dúró lórí àtẹ̀gùn àkọ́kọ́. Ó gbé èjìká kalẹ̀, ṣùgbọ́n kó tó gbẹ́sẹ̀, ó béèrè.

"Orúnkún wo ló ń dùn yín jù, Mà?"

"Tọ̀tún."

Ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Ọwọ́ Àṣàkẹ́ sọ̀ lé èjìká rẹ̀, ó wúwo ju bí ó ṣe rò lọ, àwọn méjèèjì sì gbẹ́sẹ̀ pa pọ̀.

"Ọ̀kan," ni Àṣàkẹ́ kà.